Ta ló ń run ẹran ìgbẹ́, àwa ọdẹ àbí ìjọba?

Ọmọ_Ọdẹ: Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí i. Gáàdì igbó mú èèyàn wa torí òkété méjì péré, wọ́n gbàbọn ẹ̀ wọ́n tún gbowó, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tó kó gẹdú ń kọjá lójú wọn wọn ò wí nǹkan kan. Ṣé bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo ẹran nìyẹn?

Baba_Ìjẹ̀bú: Ọmọ mi, igbó gan-an ló ń tán. Wo Igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn níbí, àjọ àgbáyé UNESCO fọwọ́ sí i ní 1977 pé kí wọ́n máa dáàbò bò ó, síbẹ̀ gmelina, igi ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń gbìn fún pákó, ni wọ́n gbìn sápá tó pọ̀ níbẹ̀. Kí lẹtu fẹ́ jẹ lábẹ́ ẹ̀?

Ọdẹ_Òru: Òótọ́ ni bàbá, àmọ́ àwọn kan láàárín wa ò kọ ẹran tó lóyún o. Ọ̀yà ń lo bí oṣù márùn-ún kó tó bí, tóo bá yìn ín, tìyá-tọmọ ló lọ. Kíjọba sọ oṣù tá a máa fi sinmi ká mọ̀!

Ọmọ_Ọdẹ: Ta ni wọ́n fẹ́ sọ fún? Wọn ò pe ẹgbẹ́ ọdẹ tiwa sípàdé rí.

Àdùkẹ́_Ẹlẹ́ran: Ẹ fi oògùn koríko táwọn àgbẹ̀ ń fín kún un o. Èmi ò rẹ́ran rà mọ́ jàre.