Ìkókó ò mọ ẹjọ́ dá o

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. A ń wá orúkọ Yorùbá fún bí nǹkan tí ìkókó ń mọ̀ lára ṣe ń jẹ́ kó ka ìwà kan sí dáadáa tàbí burúkú. Ẹ̀gbọ́n kan ní ká máa pè é ní "ìdájọ́ ìwà láti inú ikùn", ẹ má bínú sí mi, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ sì wo ọ̀rọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lò yẹn, fi ara mọ́, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ìdájọ́ ti tóbi jù. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá àgbà òṣìkà, ṣé ìkókó ni wọ́n ń bá wí ni?

Òótọ́ ni pé ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2007, olùwádìí kan, Kiley Hamlin, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi igi kéékèèké tí wọ́n lẹ ojú mọ́ ṣeré fáwọn ọmọ wò, ọ̀kan ń gun òkè kò lè gùn ún, ìkejì ń tì í lẹ́yìn kó lè débẹ̀, ìkẹta ń tì í padà wálẹ̀, àwọn ọmọ oṣù 6 tí wọ́n jẹ́ 12, gbogbo wọn pátá ló nawọ́ sí èyí tó ṣèrànwọ́. Àmọ́ nígbà tí ilé ìwádìí 37 tún un ṣe láìpẹ́ yìí (fídíò làwọn lò o), ó di ìdajì-ìdajì. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Jámánì lọ́dún 2012: táwọn ọmọ ọdún 2 bá rí ẹni tó nílò ìrànwọ́, ọmọlójú wọn á fẹ̀, tí wọ́n bá ti ràn án lọ́wọ́, ì báà jẹ́ ẹlòmíì ló ràn án, ó rọlẹ̀. Ara tù wọ́n nìyẹn. Ẹjọ́ wo ni wọ́n dá níbẹ̀?

Yorùbá ti fi ara sínú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ó rí mi lára, ìríra. Ara fu mí, ìfura. Ó tù mí lára, ìtura. Tèmi ni ká máa pè é ní ìfaramọ́ àti ìfarakọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi àmì ohùn sí i dáadáa kó má di fífi nǹkan kọ́.

Ọmọ àbúrò mi ní Kàbà níbí, oṣù 7, Màmá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó ń ta aáṣáà, kò sẹ́ni tó láàánú tó o, òun ló gbé ọmọ yìí sáré lọ sílé ìwòsàn lóru ọjọ́ tára ẹ̀ gbóná. Síbẹ̀ tó bá ti nawọ́ báyìí, ọmọ á nà gbọnrangandan, á fojú pamọ́ sínú ìró ìyá ẹ̀. Òórùn aáṣáà ni. Màmá á wá bú sẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ wò ó, ó ti dá mi lẹ́bi."

Rárá Màmá, ó kàn fara kọ̀ yín ni.