Ìwé ò dúró lórí mi mọ́, ṣé ẹsẹsáìsì lè ṣe é?

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá: Ẹ kúulé o ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Ìdánwò ICAN, ìyẹn tàwọn akáúńtáǹtì, ni mò ń kàwé fún, tí n bá ti Dùgbẹ̀ dé lálẹ́ máa jókòó ti ìwé, ojú mi á wà níbẹ̀ àmọ́ ọkàn mi á ti lọ sí Gbági, tí n bá fi máa ka ojú ewé kan débi ìparí mi ò ní rántí ohun tó wà lókè ẹ̀ mọ́. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wa ní kí n máa ṣe ẹsẹsáìsì, pé ó ń jẹ́ kí ọpọlọ jí pépé. Ṣé òótọ́ ni àbí wọ́n kàn ń wí? Mi ò lówó jíìmù o, yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé, tí n bá fò sókè báyìí ìyá onílé á ti kanlẹ̀kùn.

Tíṣà Eré Ìdárayá: Àbúrò, òótọ́ ni. Ọpọlọ ò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara lọ, síbẹ̀ òun nìkan ń lo bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ọ́síjìn tí gbogbo ara ń lò. Wọ́n dán nǹkan yìí wò l'Amẹ́ríkà, wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2011, àgbàlagbà 120 ni wọ́n lò, àwọn kan ń rìn kíákíá fún 40 ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, àwọn yòókù ń na ara lásán. Nígbà tọ́dún yípo, hippocampus, ìyẹn ibi tí ọpọlọ fi ń ṣètò ìrántí, ti fi bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi sí i lára àwọn tó rìn, ti àwọn tó kù ń súnkì ni. Torí náà fẹsẹ̀ rìn wálé láti Dùgbẹ̀, kì í ṣe ìrìn fàájì o, rìn débi pé o lè sọ̀rọ̀ àmọ́ o ò ní lè kọrin.

Ìyá Ìbejì: Ẹ fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa fẹsẹ̀ rìn lálẹ́, ṣé ẹ ò rí àwọn ọlọ́kadà yẹn ni? Àdùkẹ́, ṣe é nínú yàrá. Gbé orúnkún ọ̀tún sókè, fọwọ́ òsì kàn án, gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́, kó o wá ṣe ti òsì, bó o ṣe ń ṣe é máa ka nọ́ńbà padà sẹ́yìn láti 100, máa yọ mẹ́ta mẹ́ta, 97, 94, 91. Tọ́kàn ẹ bá yà báyìí ẹsẹ̀ á ṣì. Bíi tẹńtẹ́ẹ̀ń tá a ṣe ní kékeré ni, ẹni tí ò fọkàn sí ẹsẹ̀ ẹnìkejì ẹ̀ ni wọ́n máa ń pa láyò. Tó o bá sì ń fọ eyín, fẹsẹ̀ kan dúró.

Ọmọ Òkè Ààrẹ: Ẹ ṣé mà, àmọ́ àwọn tó ń sọ pé ọwọ́ òsì kan orúnkún ọ̀tún ń so apá ọpọlọ méjèèjì pọ̀, wọn ò rí ẹ̀rí gidi mú wá o, ìrìn yẹn ló lẹ́rìí. Èmi, Bower's Tower, ilé gogoro tó wà ládùúgbò wa, ni mò ń gùn ní Sátidé, àtẹ̀gùn ẹ̀ ń lọ́ yípo yípo, kéèyàn tó dókè oorun á ti dá. Ṣùgbọ́n ẹ bi í, wákàtí mélòó ló ń sùn? Ìgbà téèyàn bá sùn ni ọpọlọ ń to ohun tó kà jọ, ẹni tí ò sùn ì báà rìn dé Ọ̀yọ́, pàbó ni.

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá: Yéè, ẹ ti mú mi. Aago 1 òru ni mo máa ń sùn, 5 ni mò ń jí. Ṣé kí n rìn kí n tó kàwé àbí lẹ́yìn ẹ̀ sà?

Tíṣà Eré Ìdárayá: Kó o tó kà á. Wẹ̀, jẹun díẹ̀, kì í ṣe àmàlà òkìtì o, kà á, pa ìwé dé kó o sọ ohun tó o kà jáde lẹ́nu. Tó bá ti di aago 11, pa iná.