Kew ni kí n kọ́kọ́ lọ ni, àbí Birmingham?

Ọmọ Ìjàyè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ogun Ìjàyè, 1860 sí 1862, ni mò ń kọ tísíìsì ọ̀mọ̀wé mi lé lórí. Kì í ṣe ìjà Kúrunmí, olórí Ìjàyè, àti Ìbàdàn ni mò ń wá, wọ́n ti kọ ìyẹn sínú ìwé tó pọ̀. Báwo ni àwọn obìnrin àti ọmọdé ṣe ń rí oúnjẹ jẹ nígbà tí ogun ká wọn mọ́? Ta ló kó àwọn tó rù ú là lọ sí Abẹ́òkúta? Ìyẹn ni mo fẹ́ mọ̀. Wọ́n fún mi ní owó díẹ̀ láti lọ ṣèwádìí ní Ìlú Ọba. Bí mi ò bá ná ìnákúnàá, ó lè gbé mi fún bí oṣù kan. Ọ̀gá mi sọ pé Kew ní London, níbi tí National Archives ti Gẹ̀ẹ́sì wà, ni kí n lọ jókòó sí, pé ibẹ̀ ni ìwé ìjọba wà. Ẹlòmíì ní Birmingham ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, níbo ni kí n kọ́kọ́ yà sí? Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ físà náà pẹ̀lú.

Ìyá Ìbejì Birmingham:
Àbúrò mi, láìfi igbá kan bọ̀kan nínú, Birmingham ni. Cadbury Research Library, nínú ọgbà yunifásítì níbí, ni ìwé àwọn CMS (Church Missionary Society, míṣọ̀n Áńgílíkà láti Ìlú Ọba) wà. C A2 ni kí ẹ bèèrè, ìyẹn ni ti míṣọ̀n ilẹ̀ Yorùbá. Inú C A2/O lẹ ti máa rí lẹ́tà àti jọ́nà (ìwé ìrántí) tí àwọn òṣìṣẹ́ míṣọ̀n fọwọ́ ara wọn kọ: Mann tó wà ní Ìjàyè gan-an, Hinderer ní Ìbàdàn, Townsend ní Abẹ́òkúta, títí dórí ọmọ tiwa, Daniel Olúbí. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ ohun tójú ará ilé rí sílẹ̀, àwọn ni, kì í ṣe kọ́ńsù, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tó jókòó sí Èkó. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí wọn o, ẹ má kàn dédé yọ sí wọn. Owó ilé níbí ò sì gbẹ̀mí èèyàn bíi ti London.

Àgbà Òpìtàn:
Ọmọ mi, kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ṣé o ti ka ti Ìbàdàn tán? CMS (Y), ìwé míṣọ̀n CMS ti ilẹ̀ Yorùbá, wà ní National Archives ti Nàìjíríà nínú ọgbà UI. Àwọn kan ti wọ bàálù lọ wo ohun tó wà lẹ́yìnkùlé wọn rí.

Ọ̀gá rẹ ò purọ́ nípa London, ṣùgbọ́n ibì kan wà níbẹ̀ tó ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Oṣù kẹjọ 1861 ni Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Ṣáájú ìgbà náà, kọ́ńsù ló wà níbẹ̀, Foreign Office ló sì ń kọ̀wé sí: àkójọ fáìlì FO 84 ni wàá bèèrè. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di ti Colonial Office: CO 147. Àárín ogun tìrẹ gan-an ni ìyípadà yìí bọ́ sí. Ẹni tó bá bèèrè CO 147 nìkan, ó ti pàdánù ìbẹ̀rẹ̀ ogun. Wo kátálọ́ọ̀gù wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ilé, kí o kọ nọ́ńbà fáìlì jọ. Ọ̀sẹ̀ kan á tó ọ ní Kew.

Ọmọ Ìjàyè:
Ẹ ṣé gan-an sà. Ti Ìbàdàn, mo ti ń lọ síbẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Àwọn bébà kan ti gbó débi pé ẹ̀rù ń bani láti ṣí wọn.

Ará Texas:
Ẹ má gbàgbé àwọn Onítẹ̀bọmi o! Míṣọ̀n Baptist láti Amẹ́ríkà wà ní Ìjàyè nígbà ogun yẹn. Stone àti Phillips wà níbẹ̀, wọ́n sì wà lára àwọn tó kó ọmọdé lọ sí Abẹ́òkúta, ohun tí ẹ ń wá gan-an nìyẹn. Ìlú Ọba kọ́ ni ìwé tiwọn wà. Ẹ kọ ímeèlì sí Southern Baptist Historical Library and Archives ní Nashville, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́. Ẹ má tìtorí rẹ̀ tọrọ físà Amẹ́ríkà, ẹ̀yin náà ẹ ṣàánú ara yín.

Afínjú Arìnrìn-àjò:
Ní ti físà, bó bá jẹ́ oṣù kan lẹ fẹ́ lò, Standard Visitor ni, wọ́n fàyè gba ìwádìí nínú rẹ̀. Ẹ gba lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́, ti ọ̀gá yín, ti àwọn tó fún yín lówó, kí ẹ tẹ ímeèlì tí láíbìrì fi dá yín lóhùn mọ́ ọn. Ẹnì kan ní ẹ̀ka wa, owó ńlá já wọ àkántì rẹ̀ nígbà tó ku díẹ̀ kó tọrọ físà, kò sì ní ìwé tó sọ ibi tí owó ti wá. Wọn ò fún un. Bó bá jẹ́ pé ọdún kan lẹ fẹ́ lò, ẹ wo ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ Commonwealth Split-site, ti àwọn tó ń ṣe ọ̀mọ̀wé nílé ni.

Ọmọ Ìjàyè:
Ó yé mi wàyí. Birmingham ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Kew ọ̀sẹ̀ kan, kí n sì kọ̀wé sí Nashville lálẹ́ yìí. Ṣé wọ́n ń jẹ́ kéèyàn fi fóònù ya ìwé?

Ìyá Ìbejì Birmingham:
Ní Kew, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ ṣáà pa iná kámẹ́rà fóònù. Káàdì òǹkàwé náà ọ̀fẹ́ ni, ẹ mú pásípọ́ọ̀tù àti ìwé tó fi àdírẹ́sì ilé yín hàn dání. Pẹ́ńsù nìkan ló ń wọlé, ẹ fi báírò sílé. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú àti Ajé. Ti ọ̀dọ̀ wa níbí, ẹ bèèrè ìlànà fọ́tò nínú ímeèlì yẹn.

Àgbà Òpìtàn:
Kí o kọ nọ́ńbà fáìlì sórí bébà pélébé kan, kí ó máa hàn nínú gbogbo fọ́tò. Èyí tí kò bá ní nọ́ńbà, o ò ní lè tọ́ka sí i nínú tísíìsì.