Kóòtù Bàbá Sójà

Ẹ̀yin tí ẹ ti sọ ìtàn sójà tí ẹ mọ̀ ṣáájú mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹni tó sọ ti bàbá bàbá rẹ̀ tó ja ogun Hitler dé Búrúmà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka tirẹ̀. Tèmi kì í ṣe ti ẹbí mi. Oníbàárà mi kan, Bàbá Sójà, ni.

Télọ̀ ni mí, ẹ̀yìn Ọjà Ọba níbí ní Òṣogbo ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ìró, bùbá àti gáùn ni mo ń rán, kóòtù ọkùnrin kì í ṣe iṣẹ́ mi. Àmọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 2016, nínú ọyẹ́ tó ń bó èèyàn létè, Bàbá Sójà wọlé tàwọn tọ̀pá, wọ́n gbé kóòtù dúdú kan kọ́ apá. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, bá mi dín in. Ó ti tóbi jù mí lọ, bíi pé mo yá a wọ̀ ni." Mo ní kí wọ́n gbé e lọ fún àwọn tó ń rán kóòtù. Wọ́n ní àwọn ti lọ, àwọn télọ̀ yẹn ló ní kí àwọn lọ ra tuntun.

Ọjọ́ ìrántí àwọn ológun, 15 oṣù Kìíní, ni wọ́n ń múra sílẹ̀ fún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àárín wa lè má mọ̀ pé láyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, 11 oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń ṣe é, nítorí ọjọ́ yẹn lọ́dún 1918 ni Ogun Àgbáyé Kìíní parí. Lẹ́yìn ogun Biafra ni ìjọba gbé e wá sí 15 oṣù Kìíní, torí ọjọ́ náà lọ́dún 1970 ni Philip Effiong, olórí Biafra nígbà náà, dé Dodan Barracks ní Èkó, tó sọ níwájú Gowon, olórí ìjọba Nàìjíríà, pé ogun tó gẹ́ẹ́. Ọgbọ̀n oṣù ni wọ́n fi ja ogun náà. Kì í ṣe ilé ìwé ló kọ́ mi. Orí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni Bàbá jókòó sí tí wọ́n fi sọ ọ́ fún mi.

Látìgbà náà, ọdọọdún ni wọ́n ń gbé e wá. Ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n sí ṣì wà lọ́wọ́ mi. Àyà wọn jẹ́ ínǹṣì 38 lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ wá. Nígbà tó fi máa di 2019, ó ti di 34. Mi ò gé aṣọ náà rí o. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló sọ fún mi pé aṣọ àgbà, kíká ni à ń ká a sínú, a kì í fi àlùmọ́gàjí kàn án.

Lọ́dún 2019 yẹn, aṣọ inú kóòtù náà ti ya, mo bá fi réṣà tú u kí n lè rí i rán dáadáa. Lápá òsì, ní ọ̀gangan ibi tí mẹ́dà ń wà níta, mo rí ègé àdìrẹ kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Aró rẹ̀ ti ràn mọ́ aṣọ inú. Òwú funfun ni wọ́n fi rán an mọ́ ọn, ọ̀nà rírán náà gùn níhìn-ín, ó kúrú lọ́hùn-ún, bíi ti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo rò pé oògùn ni. Ẹ̀rù tiẹ̀ bà mí díẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n tú eléyìí náà?"

Wọ́n gbé ife ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n ń mu sílẹ̀. "Má tú u o."

Ó pẹ́ kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn méjì làwọn jọ wọ reluwé ní sítéṣàn Òṣogbo yìí lọ́dún 1967, àwọn lọ gba iṣẹ́ ológun ní Ìbàdàn. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ọ̀rẹ́ wọn yẹn, aláró ni ìyá rẹ̀. (Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí, ẹbí rẹ̀ ṣì wà nílùú.) Abẹ́ Benjamin Adekunle, ọ̀gágun ìjọba Nàìjíríà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ni wọ́n wà. Wọ́n wọ Owerri nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 1968, ni àwọn ọmọ ogun Biafra bá yí ìlú náà po mọ́ wọn lórí. Bàálù ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn láti òkè. Nígbà mìíràn, ọwọ́ àwọn tí wọ́n ń bá jà ni oúnjẹ náà ń já sí. Oṣù Kẹrin ọdún 1969 ni wọ́n tó rí ọ̀nà jáde. Lójú ọ̀nà yẹn ni ìbọn bá ọ̀rẹ́ wọn.

Wọ́n ní, "Kò sí àyè à ń gbẹ́lẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ la fi bò ó."

Nígbà tí Bàbá dé lọ́dún 1970, ilé ìyá aláró ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ìyá náà ò sunkún. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bèèrè: "Ṣé ẹ sin ín dáadáa?" Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní àwọn wẹ̀ ẹ́, àwọn kírun sí i lára, àwọn sì sin ín sábẹ́ igi. Ìyá náà bá wọlé, wọ́n gbé àdìrẹ tí wọ́n ti rẹ láró sílẹ̀ de ọjọ́ tí ọmọ wọn máa dé, wọ́n ya etí rẹ̀, wọ́n fún Bàbá. Wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó sin ọmọ àwọn.

"Ìyá Ìbejì, irọ́ ni mo pa fún un. Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta rèé."

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ibi tí òwú wọn ti já ni mo fi òwú tèmi lé, mi ò tú tiwọn.

Tuesday ni 15 oṣù Kìíní bọ́ sí lọ́dún náà. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ̀ lé wọn. Gómìnà fi òdòdó lélẹ̀, àwọn opó fi tiwọn lélẹ̀, wọ́n fun fèrè, wọ́n yìnbọn, wọ́n tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹlé náà bà sórí kánópì, kò lọ. Gbogbo rẹ̀ ló dára lójú mi. Ohun tó dùn mí ni pé abẹ́ òjìji ni àwọn ènìyàn ńlá wà, àwọn kan nínú àwọn ajagunfẹ̀yìntì sì ń dúró nínú oòrùn lẹ́yìn wọn. Àwọn wọ̀nyí náà ni ọ́fíìsì kan, tí mi ò ní dárúkọ, pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún kan kí wọ́n wá fi hàn pé àwọn ṣì wà láàyè kí wọ́n tó rí owó ìfẹ̀yìntì gbà. Inú bí mi nígbà yẹn, ó ṣì ń bí mi.

Nígbà tí wọ́n ní ká dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì, Bàbá fi ọ̀pá ti ẹsẹ̀, wọ́n nà ró. Báàjì pupa wà láyà wọn. Mo rí i tí ètè wọn ń mì. Nínú kẹ̀kẹ́ Marúwá tó gbé wa padà, mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ní, "Orúkọ rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀. Mo ń tọrọ àforíjì." Láti òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, "àwọn akọni wa" ni gbogbo ẹni tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń wí. Ẹnu Bàbá nìkan ni mo ti gbọ́ orúkọ ẹnì kan.

Lọ́dún 2021, wọ́n papò dà. Mùsùlùmí ni wọ́n, aṣọ funfun ni wọ́n fi wé wọn, kóòtù sì kù sílé. Ìyàwó wọn gbé e fún mi kí n bá wọn tọ́jú rẹ̀, kí ikán má baà jẹ ẹ́.

Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2023, ọmọ ọmọ wọn kan yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn. Ó ní òun fẹ́ wọ kóòtù náà sin ìyá àgbà lọ síbi tí àwọn opó ti máa fi òdòdó lélẹ̀. Mo gbé tépù sí i láyà. Ínǹṣì 38 géérégé.

Mo jókòó ti aṣọ yẹn ní gbogbo ọ̀sán. Mo tú ti ọdún tó gbẹ̀yìn, mo tú ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀, títí mo fi dé ti 2016. Aṣọ tó ti wà nínú kíká dúdú kirikiri, oòrùn ò tíì kàn án, àmì ṣọ́ọ̀kì mi ṣì wà lára rẹ̀ lọ́dọọdún. Ọmọ náà ń bá mi yọ òwú tó já. Ó tú aṣọ inú lápá òsì, ó rí àdìrẹ.

Ó ní, "Ìyá, kí lèyí? Ṣé kí n yọ ọ́ dànù?"

Mo gba réṣà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó fa àga sún mọ́ mi.