Sẹ́ẹ̀lì ìtì àbí sẹ́ẹ̀lì ìyá? Èsì lórí “stem cell” àti “Hispanic”

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n wa tó fi ìtumọ̀ ránṣẹ́ lánàá pe iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ń fi “stem cell” ṣe lórí àrùn àwọn “Hispanic” ní “lílo sẹ́ẹ̀lì ìtì láti ṣèwádìí àrùn àwọn ará Sípéènì”. Ẹ ṣeun gan-an, sà. Àmọ́ ibi méjì wà níbẹ̀ tí ọkàn mi ò gbà.

Ìtì ni igi tí a ti gé lulẹ̀. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ní kò tó ohun tí à ń pọ́n àdá sí. Sẹ́ẹ̀lì tí à ń wí yìí wà láàyè, ó ń pín, ó ń pọ̀ sí i, ó sì lè di ti ọkàn, ti ẹ̀dọ̀ tàbí ti ọpọlọ. Àwọn kan dábàá “sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀”. Ìyẹn sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n a ti ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé pé gbogbo sẹ́ẹ̀lì ni ìpìlẹ̀ ara. “Sẹ́ẹ̀lì ìyá” ni mo fara mọ́. Célula madre ni àwọn elédè Sípéènì fúnra wọn ń pè é, ìyá náà nìyẹn. Àwọn ará Brasil ló ń fi ìtì pè é: célula-tronco. Bí ẹnikẹ́ni bá ní yóò dà pọ̀ mọ́ orúkọ sẹ́ẹ̀lì tó ń pín sí méjì (“mother cell”), ẹ jẹ́ kí ìyẹn máa jẹ́ sẹ́ẹ̀lì òbí.

Shinya Yamanaka, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Kyoto ní Japan, fi jíìnì mẹ́rin (jíìnì ni àṣẹ àbínibí inú sẹ́ẹ̀lì) dá sẹ́ẹ̀lì awọ eku padà sípò ìyá ní 2006, ó ṣe ti ènìyàn ní 2007, òun àti John Gurdon sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2012. “Sẹ́ẹ̀lì àsọdìyá” ni n bá pe irú èyí, bí a ṣe ń sọ pé ìsọdọmọ.

Irú rẹ̀ ni wọ́n ń lò láti ṣèwádìí àrùn àwọn ìdílé kan ní Antioquia, ní Kòlóńbíà. Àṣìṣe kan nínú jíìnì PSEN1, tí wọ́n ń pè ní E280A, ń bá ìran wọn lọ, òun ló ń fa àrùn Alzheimer fún wọn. Ẹni tó bá jogún rẹ̀, nǹkan bí ọmọ ọdún 44 ni ìyè rẹ̀ ti ń ra, nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní iléèwé. La bobera, ìwà òmùgọ̀, ni àwọn ará abúlé ń pè é. Dókítà Francisco Lopera ní Yunifásítì Antioquia ló fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ̀ lé wọn láti ìdílé dé ìdílé. Awọ bíńtín ni wọ́n ń gé lára ẹni náà. Wọ́n á gbìn ín sínú àwo, wọ́n á sọ ọ́ dìyá, wọ́n á wá sọ ọ́ di sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Inú àwo yẹn ni wọ́n ti ń rí bí èròjà amyloid tó máa ń dì mọ́ra ṣe ń pọ̀ jù, láìla agbárí ẹnikẹ́ni, kódà kí onítọ̀hún tó gbàgbé ohunkóhun.

Ó wá ku “ará Sípéènì” tí ẹ̀gbọ́n fi túmọ̀ “Hispanic”. Ará Sípéènì kọ́ ni ará Antioquia. Nínú ìkànìyàn Amẹ́ríkà ọdún 2020, ìbéèrè lórí Hispanic yàtọ̀ sí ìbéèrè lórí ẹ̀yà (“race”). Aláwọ̀ dúdú ará Kúbà tí àwọn babańlá rẹ̀ jẹ́ Lùkùmí, tí í ṣe ọmọ ìyá wa, wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Texas tí kò gbọ́ èdè Sípéènì rárá lè wà nínú rẹ̀. Wọn kì í ka ará Brasil mọ́ ọn. Nítorí náà, “àwọn tí orírun wọn jẹ́ ilẹ̀ elédè Sípéènì” ni kí a kọ nígbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí a dárúkọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Àrùn E280A, Antioquia ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù. Ẹ̀dà jíìnì PNPLA3 tó ń jẹ́ kí ọ̀rá kó sínú ẹ̀dọ̀, ara àwọn tó tan mọ́ àwọn tó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé ló ti wọ́pọ̀ jù. Bí a bá da gbogbo wọn sínú agbọ̀n kan, òǹkàwé á rò pé ohun kan náà ló ń ṣe ará Mẹ́síkò àti ará Puerto Rico.

Ọ̀rọ̀ kan ló ṣì ń dà mí láàmú. Ẹ̀gbọ́n lo “ṣarán” fún àìsàn àwọn ará Antioquia, bẹ́ẹ̀ arúgbó la mọ̀ mọ́ ìyẹn. “Àrùn ìgbàgbé” ni mo ní lọ́kàn, àmọ́ ó fúyẹ́ jù fún ohun tó ń gba èrò, ọ̀rọ̀ àti ìwà mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Ta ló ní èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ?