Kílíà tí mo fín sára bàálù ogun mi ti funfun bí eérú, ẹ gbà mí

Ọmọ Arákàlẹ̀:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mò ń wá, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì ń kánjú.

Láti oṣù kejì ni mo ti ń to àwòṣe oníke MiG-21MF kan, bàálù ogun tí wọ́n ṣe ní Rọ́ṣíà, ìwọ̀n 1/48 (bàálù gidi gùn jù ú lọ ní ìlọ́po 48). Ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun ló fi páálí rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo mú MiG nítorí Bàámi. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n ṣe nídìí bàálù yìí ní Makurdi nígbà tí wọ́n wà nínú iṣẹ́ ológun òfurufú. 1975 ni Nàìjíríà ti ra MiG-21, Bàámi bá wọn níbẹ̀ ní 1981. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìgbà náà, ṣùgbọ́n bí bàálù bá ń kọjá lókè Àkúrẹ́, wọ́n á gbé òkèlè dúró, wọ́n á tẹ́tí sí i títí ariwo rẹ̀ á fi tán. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa pé àádọ́rin ọdún. Òun ni mo fẹ́ gbé fún wọn.

Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa. Mo lẹ̀ ẹ́, mo fi pọ́tì dí ojú ibi tí nǹkan ti so pọ̀, mo fi sáńpépà olómi fá a títí ìka mi ò fi mọ ojú rẹ̀ mọ́. Mo fín ọ̀dà akíríìlì sí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó jókòó. Ó wá ku kílíà, ọ̀dà tí kò ní àwọ̀ tí a fi ń bo gbogbo rẹ̀ parí. Nírọ̀lẹ́ ìjẹta, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, kò sí iná, ni mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà tó wà ní oríta wa, ó ní kí n lo kọ́ńpúrẹ́sọ̀ òun. Kílíà lákà tí wọ́n fi ń kun mọ́tò ni mo fín. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ara rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, bí ìgbà tí èèyàn bá mí sára dígí. Àwọ̀ ewé dúdú tó wà lápá rẹ̀ ti di eérú. Apá òsì tún ní àmì róbótó kéékèèké bí ojú ẹja.

Wàhálà kejì: gíláàsì tó bo ibi tí awakọ̀ ń jókòó. Súpà gúlù ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, inú rẹ̀ ti funfun bí ẹni bu àtíkè sí i.

Ṣé kí n fọ gbogbo ọ̀dà náà dànù kí n tún un ṣe látorí ike ni, àbí ó ní ọ̀nà mìíràn? Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Mi ò rí oorun sùn lánàá.

Pẹ́ńtà Mọ́tò, Oǹdó:
Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti wà nídìí ọkọ̀ kíkùn, bí òjò bá ti dé báyìí, nǹkan tó ṣe ọ́ yẹn máa ń ṣe wá. Omi ni. Tínà inú lákà máa ń yára fò lọ. Bó ṣe ń fò lọ, ara nǹkan tí o kùn ń tutù, gẹ́gẹ́ bí ara rẹ ṣe ń tutù nígbà tí nọ́ọ̀sì bá fi spirit pa ọ́ lápá kó tó gún ọ lábẹ́rẹ́. Òtútù yẹn ló fa omi inú afẹ́fẹ́ wá sára rẹ̀, tí lákà sì há a mọ́ inú kó tó gbẹ. Lẹ́yìn òjò, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, o ti yan àkókò tó burú jù.

Kò bàjẹ́. Dúró di ọ̀sán tí oòrùn mú. Ra tínà tó ń pẹ́ gbẹ, retarder ni wọ́n ń pè é níbi tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà mọ́tò. Fi aṣọ funfun tó mọ́ bọ̀ ọ́, kí o nu ara rẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Lákà á tún yọ́ díẹ̀, omi á rí ọ̀nà jáde, ó máa mọ́ gaara.

Atòbàálù Ìjàpọ̀:
Ẹ̀gbọ́n Pẹ́ńtà, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀ yẹn kò lábùlà. Ṣùgbọ́n irin lẹ lè fi aṣọ nù bẹ́ẹ̀. Ọmọ Arákàlẹ̀, mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí aṣọ tó rin tínà kan bàálù yẹn!

Ike polystyrene ni wọ́n fi ṣe é. Tínà ọkọ̀ ń jẹ ẹ́ ni. Kó tiẹ̀ tó kan ike, á kọ́kọ́ bó akíríìlì tó wà lábẹ́ lákà, gbogbo àwọ̀ ewé àti yẹ̀pẹ̀ tí o kùn á pò pọ̀ mọ́ra wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ojú páànù ara bàálù hàn á dí. Mo ti fojú ara mi rí i. Alpha Jet, bàálù ogun mìíràn, ni mò ń tò nígbà yẹn, irú èyí tí Nàìjíríà ra mẹ́rìnlélógún, ìwọ̀n 1/72. Mo fi tínà nu ìrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì rọ̀ bíi ṣingọ́ọ̀mù. Ó ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi dòní, mi ò lè jù ú nù, mi ò sì lè wò ó.

Fínfín ni kí o fín retarder yẹn. Òun nìkan, láìsí lákà nínú. Jìnnà sí i, ó tó gígùn rúlà ọmọ ilé-ìwé kan, kí ohun tó ń bà lé e dà bí ìrì. Kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbé airbrush, ìbọn kékeré tí o fi ń fín ọ̀dà, sílẹ̀, dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wò ó. Bí kò bá tíì mọ́ tán, tún kọjá lẹ́ẹ̀kan. Má kánjú kó o fín in títí yóò fi tutù.

Kí o tó fọwọ́ kan bàálù, ó dá mi lójú pé o ṣì ní igi ike tí o gé àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kúrò lára. Ike kan náà ni. Fi ọ̀dà kan náà kùn ún, fi lákà kan náà sí i ní ìrọ̀lẹ́ tí òjò bá rọ̀, kó lè funfun bíi ti bàálù. Orí ìyẹn ni kí o ti dán gbogbo ìmọ̀ràn tí a bá gbà ọ́ wò, títí kan tèmi.

Ìbéèrè kan: àwọn àmì bí ojú ẹja yẹn, ṣé apá tí o kọ́kọ́ fín nìyẹn? Ó jọ pé omi tu jáde látinú kọ́ńpúrẹ́sọ̀. Ìgbà wo ni fọkanáísà yẹn ti ṣí ìdí táńkì rẹ̀ gbẹ̀yìn? Omi máa ń kóra jọ síbẹ̀. Táyà kò ní sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dà á sọ. Kó o sì mọ̀ pé afẹ́fẹ́ táyà ti pọ̀ jù: 15 sí 20 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́) tó airbrush.

Pẹ́ńtà Mọ́tò, Oǹdó:
Mo gbà. Òótọ́ lo sọ. Bọ́ńpà ọkọ̀ tó jẹ́ ike, àwa náà kì í fi tínà nù ún bẹ́ẹ̀, mi ò rántí fi wé e ni. Àbúrò, ohun tó sọ ni kí o ṣe. Bí o bá máa fín nǹkan ní oṣù yìí, láàárín aago mọ́kànlá sí méjì ọ̀sán ni, ọjọ́ tí òjò ò bá tíì rọ̀. Kí o tún ra ìkòkò dígí kékeré tí wọ́n ń so mọ́ okùn kọ́ńpúrẹ́sọ̀ láti gba omi. Kò wọ́n.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Àró:
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti gíláàsì, torí iṣẹ́ awò ojú ni mò ń ṣe. Kì í ṣe gúlù fúnra rẹ̀ ló kàn án, ọmọ mi, èéfín rẹ̀ ni. Bí súpà gúlù bá ń gbẹ níbi tó há, èéfín rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ dígí.

Yọ ọ́ jẹ́jẹ́ bó bá gbà. Fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ rin sáńpépà 2000 (bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe kúnná tó), fi fá inú rẹ̀ ní ọ̀nà kan ṣoṣo, má yí i po. Á tún funfun sí i, má bẹ̀rù. Bọ́ sí 3000. Lẹ́yìn náà, fi òwú bu ọṣẹ ìfọyín funfun, kì í ṣe èyí tó dà bíi jẹ́lì, kí o máa fi yí i róbótó títí tí wàá fi lè ka ìwé láti ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi máa ń lò tó wákàtí kan lórí awò kan tí wọ́n bá họ. Tí o bá fẹ́ kó dán gan-an, rì í bọ inú kílíà olómi, èyí tí kò ní tínà o, fa á jáde díẹ̀díẹ̀, fi etí rẹ̀ kan tísù kí omi tó pọ̀ jù ṣàn kúrò, kí o sì fi abọ́ bò ó mọ́jú kí eruku má bà lé e.

Bí o bá máa lẹ̀ ẹ́ padà, gúlù funfun tí àwọn ọmọ fi ń lẹ páálí nílé ìwé ti tó. Kì í ní èéfín, ó sì máa ń mọ́ gaara bó bá gbẹ.

Bàbá Alágbàká:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Inú mi dùn sí ọmọ yìí. Nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ bi í. Ṣé o fi òjé sí imú rẹ̀, kó má lọ fi ìdí jókòó? Àmì wo lo fẹ́ fi sí i? Fọ́tò wo lo sì ń wò? Èyí tó pọ̀ jù nínú fọ́tò Makurdi tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, F-7NI ni, tí a rà ní Ṣáínà lẹ́yìn-ò-rẹyìn. Ọmọ bíbí MiG-21 ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọwọ́ ṣiṣẹ́ lára MF máa mọ ìyàtọ̀ wọn lójú ẹsẹ̀. Wá fọ́tò bàbá rẹ fúnra rẹ̀.

Ọmọ Arákàlẹ̀:
Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an. Bàbá, mo fi òjé sí i, èyí tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n, mo rà á ní Ọjà Ọba. Kí n tó pa ara rẹ̀ dé, mo gbé e lé ìka méjì níbi tí táyà ẹ̀yìn máa wà, mò ń fi òjé kún un títí imú rẹ̀ fi tẹ̀ síwájú.

Fọ́tò Bàámi kan wà nínú álúbọ́ọ̀mù ìyá mi, àwọn mẹ́rin dúró sábẹ́ apá bàálù. Òun ni mo wò kùn ún. Ṣùgbọ́n àmì Rọ́ṣíà nìkan ló wà nínú páálí. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe àmì Nàìjíríà.

Atòbàálù Ìjàpọ̀:
Ìyẹn ló rọrùn jù. Àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé ni àmì róbótó wa, kò sí ìràwọ̀ tí èèyàn máa gé. Fín róbótó funfun lódindi, jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Fi kọ́ńpáàsì tí o ti kó bíléèdì sí gé òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ lára tépù, lẹ̀ ẹ́ sórí funfun náà, kí o wá fín ewé sí gbogbo rẹ̀. Bí o bá ṣí òrùka yẹn, funfun á jáde láàárín. Ó sàn ju sítíkà lọ, torí sítíkà tí a bá lẹ̀ sórí ojú tí kò dán, afẹ́fẹ́ ń há sábẹ́ rẹ̀, á máa tàn bíi bébà fàdákà.

Ọmọ Arákàlẹ̀ (ọjọ́ Àìkú):
Mo ní kí n jábọ̀. Mo dán an wò lórí igi ike ní àná. Mo nu ẹyọ kan bí Ẹ̀gbọ́n Pẹ́ńtà ṣe kọ́kọ́ sọ, kí n lè mọ̀: ọ̀dà bó mọ́ aṣọ, ike tó wà lábẹ́ ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fín èkejì láti òkèèrè. Mo dúró ń wò ó. Láti etí ni funfun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, bí omi tó ń gbẹ lórí sìmẹ́ńtì, ewé dúdú sì ń yọjú lẹ́yìn rẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi mọ́. Mo pariwo, ìyàwó mi sáré wọlé.

Fọkanáísà ṣí ìdí táńkì rẹ̀. Omi tó jáde tó ife kan, ó pọ́n bíi zóbò. Òun fúnra rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ní aago méjìlá òní mo fín bàálù náà. Ẹ̀ẹ̀mejì péré. Ó ti mọ́. Ojú ẹja apá òsì nìkan ló kù, mo máa fi sáńpépà 2000 tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, mo sì máa fi kílíà tí kò dán parí ohun gbogbo. Gíláàsì gba mí ní wákàtí méjì, mo ń rí àga awakọ̀ báyìí.

Ọmọ Arákàlẹ̀ (lẹ́yìn ọjọ́ ìbí):
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbé e fún wọn lánàá.

Mo rò pé wọ́n máa wo ọ̀dà rẹ̀. Wọn ò wo ọ̀dà. Wọ́n gbà á, wọ́n yí i dojú dé, wọ́n ní kí wọ́n gbé awò wọn wá. Abẹ́ ikùn rẹ̀ ni wọ́n ń wò, ibi tí táyà ń wọ̀ sí. Wọ́n ń fi èékánná ìka kékeré tọ́ka: ibí ni epo ń gbà wọlé, ibí yìí ló máa ń jo ọwọ́ wa. Ìtàn tí mi ò gbọ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, wọ́n sọ ọ́ fún wákàtí kan gbáko, àwọn àlejò sì dúró ń gbọ́.

Wọ́n wá yí i padà, wọ́n fọwọ́ kan irin gígùn tó yọ níwájú imú rẹ̀, èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́. Wọ́n ní: “Ta ló yọ aṣọ pupa ẹnu eléyìí? Bàálù kì í dúró nílẹ̀ láìní aṣọ pupa. Ẹnikẹ́ni lè fi ojú gbá a.” Mo ní màá wá a. Wọ́n ní àwọn ń retí.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ni mo lè fi ṣe é? Irin yẹn ò nípọn ju abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Àró:
Bàbá á pẹ́ fún wa o! Ọmọ mi, ọ̀rá pupa tí wọ́n fi ń di nǹkan lọ́jà ni kí o fi síṣọ́ọ̀sì gé, kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju ọkà ìrẹsì lọ. Ká a mọ́ orí irin náà lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ kí ìyókù máa fì. Gúlù funfun ni kí o fi lẹ̀ ẹ́ o, kì í ṣe súpà gúlù. Gíláàsì wà nítòsí.