Wọ́n ní ká san dìpọ́sítì kí wọ́n tó fọwọ́ kan àbúrò mi, kí ni òfin wí?

Ọmọ Múṣín:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ò jẹ́ kí n sùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, dáńfó gbá àbúrò mi níbi tó ti ń sọdá títì l'Ójúẹlẹ́gbà, ẹsẹ̀ ẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ ń dà, a sáré gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá ó di ọsibítù aládàáni tó sún mọ́ wa jù, mi ò ní dárúkọ wọn. Obìnrin tó wà níbi kántà ò tiẹ̀ wo ẹsẹ̀ ọmọ yẹn, ₦150,000 ló ní ká kọ́kọ́ san. Mo tiransífà, wọ́n ní àwọn ò rí álẹ́ẹ̀tì. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn mi fi di ẹsẹ̀ ẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ibẹ̀ la wà títí owó fi wọlé. Wọ́n ti ran án báyìí, ó wà láàyè, mo dúpẹ́.

Ẹnìkan wá ń sọ fún mi pé òfin wà tó ní wọn ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ló ṣe é, Abújá ni àbí Aláúsá? Ta ló ń rí sí i? Tí mo bá sì gbé wọn lọ sí kóòtù, ṣé wọ́n á dá mi lóhùn?

Lọ́yà Ìgbòṣéré:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn o, Ọlọ́run á fún àbúrò yín lálàáfíà. Òfin wà. National Health Act ni, àwọn aṣòfin Abújá ló ṣe é, Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí i lọ́dún 2014. Ẹ wá abala 20 ẹ̀: ọsibítù tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan ò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tí ọ̀ràn pàjáwìrì bá, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá rú u, ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí ò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì pọ̀. Ẹ ṣáà wò ó, owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn ju ìtanràn tí òfin bù fún wọn lọ, ó sì ń dùn mí, àwọn aṣòfin yẹn ló yẹ kó tún un ṣe.

Òfin yẹn ṣe pàtàkì ṣá o. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ ní abala 17 pé kí ìjọba pèsè ìlera tó péye fún gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n abala 6 nínú ìwé kan náà ló tún ní kóòtù ò lè gbọ́ ẹjọ́ lórí orí kejì tí ọ̀rọ̀ yẹn wà. Ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá kàn lọ bá adájọ́ pé ìjọba ò fún mi nílera, adájọ́ ò ní ibi tó máa dì mú. Ìgbà tí ilé aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin gidi báyìí ló tó ní eyín.

L'Ékòó níbí, HEFAMAA ló ń fún ọsibítù níwèé àṣẹ tó sì ń bẹ̀ wọ́n wò, òfin ìpínlẹ̀ wa ló dá wọn sílẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí wọn kẹ́ ẹ tó ronú kóòtù.

Ìyá Ìbejì Ìdúmọ̀tà:
Pẹ̀lẹ́ o ọmọ mi. Ti ìbọn náà wà níbẹ̀ o. Àwọn adigunjalè yìnbọn bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nítan, ó ti pẹ́ o, ọsibítù méjì la gbé e dé, ohùn kan náà ni wọ́n fọ̀: ẹ lọ mú ìwé ọlọ́pàá wá. Ẹni tó sáré lọ sí téṣàn ò tíì dé tí ọmọ fi kú sínú tasí, orí ẹ̀ wà lórí itan mi. Ìgbà tí mo wá gbọ́ pé Buhari ti fọwọ́ sí òfin lọ́dún 2017 pé kí ọsibítù tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, ìwé ọlọ́pàá wà o kò sí o, dìpọ́sítì wà o kò sí o, kí wọ́n ṣáà fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, mo sunkún níwájú ìsọ̀ mi.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́:
Ohun tí wọ́n ṣe fún yín ò dáa, mi ò gbè wọ́n. Àmọ́ èmi náà ti jókòó síbi kántà yẹn rí, tí ọ̀gá ń sọ pé aláìsàn tí ò bá sanwó, owó oṣù mi ló máa ti jáde. Òfin 2014 yẹn kan náà ló ní kí wọ́n máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera, kí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó yẹn sì jẹ́ ti pàjáwìrì. Bọ́jẹ́ẹ̀tì 2018 ni wọ́n tó kọ́kọ́ fi í sí! Ọdún mélòó nìyẹn? Aṣòfin ṣòfin, ààrẹ buwọ́ lù ú, owó ò jáde, àwa tá a wà lẹ́nu ọ̀nà la wá ń bá aláìsàn jà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ forúkọ ilé yín sílẹ̀ fún Ìlera Èkó, ìnṣọ́ránsì ìlera ti ìpínlẹ̀ wa, òfin 2022 ti sọ ìnṣọ́ránsì ìlera di dandan fún gbogbo wa.

Ọmọ Múṣín:
Mo gbọ́ ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé gan-an. Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín dùn mí dọ́kàn. Ṣùgbọ́n lọ́yà, ẹjọ́ nílẹ̀ yìí, ṣé kì í ṣe pé màá darúgbó sí i?

Lọ́yà Ìgbòṣéré:
Kóòtù lè yá, ó sì lè pẹ́. Ní May 1997, ìkókó kan tí ò tíì ju bí oṣù kan lọ ń kú lọ ní ọsibítù kan ní Lẹ́kí, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n fà sí i lára, ìyá ẹ̀ ní ẹ̀sìn òun ò gbà. Ọlọ́pàá lọ bá kóòtù májísíréètì l'Ékòó níbí, adájọ́ pàṣẹ, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i, ọmọ yè. Kíá ni. Ìyá wá pe ẹjọ́ tako àṣẹ yẹn, ó gbé e gòkè gòkè, ọdún 2019 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù tó parí ẹ̀ pé adájọ́ yẹn ò ṣì í. Bẹ́ẹ̀ ilé ẹjọ́ yẹn kan náà ti sọ lọ́dún 2001 pé àgbàlagbà tí orí ẹ̀ pé lè kọ ẹ̀jẹ̀ fúnra ẹ̀, ti ọmọ ọwọ́ ló yàtọ̀. Gbogbo dókítà ló ń fi ẹjọ́ méjèèjì yẹn ṣiṣẹ́ lónìí, kì í ṣe aṣòfin ló kọ ọ́.

Ṣé ẹ ní ìwé kankan tó fi aago hàn?

Ọmọ Múṣín:
Mo ní. 9:47 ló wà lórí tiransífà mi, 10:31 ló wà lórí rìsíìtì wọn. Ṣẹ́ẹ̀tì yẹn náà wà nílé, mi ò tíì fọ̀ ọ́. Màá kọ lẹ́tà yẹn lálẹ́ òní.